Ìyá Ìtànṣán Lẹ́yìn Okùn

Ìyá Ìtànṣán kọ́ ló fún ara rẹ̀ lórúkọ yẹn o. Ọdún tó kọjá ni ìwé dé láti oríléeṣẹ́ pé kí ọ́fíìsì panápaná kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan tí yóò lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún lórí ìtànṣán olóró, ìyẹn agbára kan báyìí tí ojú ò rí, tí imú ò gbóòórùn, àmọ́ tó lè ba inú ara jẹ́ béèyàn bá pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ka ìwé náà tán, àìsàn bọ́ sáàárín àwọn ọkùnrin. Ẹ̀yìn ń dun ọ̀kan. Àna ọ̀kan ń bọ̀ wá kí i, á sì lo ọjọ́ márùn-ún gééré. Gìrìpá, ọmọkùnrin tó ń dá gbé rọ́bà omi tí èèyàn méjì ń gbé, ní òun ò tíì bímọ, òun ò sì fẹ́ kí ohun tí ojú ò rí lọ fọwọ́ kan òun níbi tí ojú ò gbọ́dọ̀ rí. Ìyá yìí nìkan ni ò sọ nǹkan kan, torí ó ń jẹun lọ́wọ́. Wọ́n ní ẹni tó dákẹ́ ti gbà.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni. Ó bí mẹ́rin, ó ti gbé ọmọ-ọmọ jó, ó ní orúnkún ọ̀tún kan tó máa ń ké bó bá ń gun àkàbà, ó sì ní ẹnu. Ẹnu ọ̀hún kì í gbé ọ̀rọ̀ mì. Ó lọ, ó kọ́ ẹ̀kọ́ náà dáadáa, òun ló gba ipò kìíní, ó sì gbé nǹkan méjì bọ̀: ìwé pélébé kan, àti mítà kan aláwọ̀ ọsàn tó máa ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ bí ìtànṣán bá wà nítòsí. Àwọn tó sá fún ẹ̀kọ́ ló wá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìyá Ìtànṣán, ẹ má fara kàn mí o!" "Ìyá Ìtànṣán, iná ti lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró sí kọ̀rọ̀ yẹn kí ẹ tànmọ́lẹ̀ fún wa!" Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ń dùn ún. Ọjọ́ kan péré ló ń wá, ọjọ́ tí mítà yẹn yóò dún lọ́wọ́ òun lójú gbogbo wọn.

Ọ̀gá, olórí ọ́fíìsì náà, fi ọwọ́ méjèèjì gba mítà ọ̀hún, ó ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀, ó wá tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì lẹ́yìn àga rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tí wọ́n gbà níbi eré ìje. Kò tú ọ̀rá ara rẹ̀.

"Ọ̀gá, mítà kì í ṣe ìyàwó tuntun," Ìyá ní. "Ẹ jẹ́ kó máa jáde."

"Ìyá, ohun tó bá ṣọ̀wọ́n kì í rìn gbéregbère," Ọ̀gá dá a lóhùn, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ há bẹ́líìtì. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Àfi láàárọ̀ ọjọ́ kan tí tẹlifóònù dún. Ọkọ̀ yanrìn ló forí sọ ọkọ̀ kékeré kan ní oríta mẹ́rin, ọkọ̀ kékeré náà ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sójú gọ́tà, ọkùnrin kan sì há sínú rẹ̀. Ẹni tó pè ní ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ń ṣẹ̀jẹ̀. Àwọn panápaná ti ń sá wọ bàtà nígbà tí ẹni náà fi kún un pé, "Yẹ́lò ni ọkọ̀ náà o, wọ́n ya nǹkan dúdú kan sí i lára bí abẹ̀bẹ̀ mẹ́ta."

Ìyá mọ àmì yẹn. Àmì ìtànṣán ni. Ọkọ̀ àwọn tó ń yẹ ojú ìsopọ̀ páìpù wò ni, àwọn tó ń fi ìtànṣán wo inú irin bí dókítà ṣe ń fi wo eegun. Ohun tí wọ́n ń lò kò ju ìdí pẹ́ńsùlù lọ, inú àpótí onírin tó nípọn ló sì ń gbé. Bí àpótí náà bá wà láìfọ́, o lè fẹ̀yìn tì í jẹun. Bó bá fọ́, ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yàgò.

"Ọ̀gá, kọ́kọ́rọ́!" Ìyá pariwo. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ mọ́ ọn, inú rẹ̀ dùn díẹ̀.

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni wọ́n dé oríta. Ìwé tí Ìyá gbé bọ̀ láti ibi ẹ̀kọ́ sọ pé kí wọ́n na okùn ìdènà yí ibẹ̀ ká ní ogójì ìgbésẹ̀, kí wọ́n sì dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ láti ẹ̀yìn wọn lọ síwájú. Ọ̀gá ní àwọn tó kọ ìwé ò mọ bí ẹ̀mí òun ṣe jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Ó sọ ogójì di igba. Wọ́n na okùn títí tó fi kan iwájú ilé ìtajà oníbàtà, Ọ̀gá sì tún sún ọkọ̀ tirẹ̀ sẹ́yìn okùn dáadáa, ó kọjú rẹ̀ sí ọ̀nà ilé.

Lẹ́yìn náà ló mú gbohùngbohùn ìfọwọ́mú jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ Ọ̀gá, ẹ mọ̀ pé ìgbéyàwó ni ọ̀rọ̀ òun àti nǹkan yẹn. Ó gbé e sẹ́nu, ó tẹ̀ ẹ́, ohùn rẹ̀ han gooro gba gbogbo àdúgbò.

"Ẹ̀yin ará! Olórí panápaná ló ń bá yín sọ̀rọ̀! Ẹ fọkàn balẹ̀! Ewu ńlá ni! Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ ọkọ̀ yẹ́lò! Mo tún un sọ, ẹnikẹ́ni!"

Kò sẹ́ni tó súnmọ́ ọn. Àwọn ará tó fẹ́ ran ọkùnrin inú rẹ̀ lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ ti sá nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn panápaná gan-an ń sá. Láti ẹnu gíláàsì iwájú tó fọ́, ọwọ́ kan yọ jáde, ó mú nǹkan dúdú kan dání, ó ń fì í sọ́tùn-ún sósì.

"Ó ń juwọ́ sí wa," Gìrìpá ní.

"Ẹ rí i bẹ́ẹ̀?" Ọ̀gá sọ gbohùngbohùn kalẹ̀ díẹ̀ lẹ́nu. "Ẹni tó lè juwọ́ ò tíì kú. A ní àkókò." Ó tún gbé e sẹ́nu. "Ìwọ tó wà nínú ọkọ̀! A ti rí ọ! Má ṣèyọnu!"

Kí wọ́n tó ṣe nǹkan kan, ìpàdé bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Ọ̀gá gbé kalẹ̀ ni pé ta ni yóò lọ. Ó ní òun ti rò ó, pé ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni kí wọ́n rán ẹni tó ti bímọ tán, torí ìtànṣán kì í jẹ́ kéèyàn bímọ mọ́. "Ta ló ti bímọ tán?"

Gbogbo ọkùnrin wolẹ̀. Ẹ wá wo àwọn tó ń ráhùn owó ilé-ìwé lójoojúmọ́, tí wọ́n ń búra pé àwọn ti ti ilẹ̀kùn, gbogbo wọn ló ṣì ku ọmọ kan tí wọ́n fẹ́ bí. Awakọ̀ ọkọ̀ omi, ọlọ́mọ méje, ní ìyàwó òun ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lánàá pé wọ́n ò tíì rí ọkùnrin tó jọ bàbá òun.

"Ṣé ìyàwó yín mọ̀ pé òun sọ bẹ́ẹ̀?" Ìyá bi í.

Ojú gbogbo wọn wá bọ́ sára Ìyá. Ó mọ̀ pé yóò bọ́ síbẹ̀. Ó fa ìbọ̀wọ́ rẹ̀ wọ̀. "Mà á lọ. Kí ló kù tí mo fẹ́ bí? Àmọ́ mi ò ní fi imú gbóòórùn rẹ̀. Ẹ fún mi ní mítà mi."

Ọ̀gá gbé e fún un tòun ti ọ̀rá. Ìyá fi eyín ya ọ̀rá náà, ó tẹ mítà, kò dún. Ó tún un tẹ̀. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ó ṣí i. Òfìfo ni. Ibi tí bátìrì méjì yẹ kó wà mọ́ bí abọ́ tí wọ́n fọ̀.

"Ọ̀gá?"

Ọ̀gá wú ikọ́. "Aago ògiri ọ́fíìsì mi kú lóṣù kẹta. Mo ní kí Akọ̀wé tú ìdí ọ̀rá, kó yá bátìrì ibẹ̀ lò, kó sì dì í padà. Mítà kàn wà níbẹ̀ ni, a ò lò ó fún nǹkan kan."

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó wà lọ́kàn Ìyá ní wákàtí yẹn, torí ibẹ̀ ni ìtàn yìí wà. Ìwé pélébé yẹn wà lápò àyà rẹ̀. Ó mọ ojú ewé àkọ́kọ́ lórí. Wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ kú lọ, ẹ gbé e jáde ná, ẹ wọ̀n ọ́n bó bá yá. Pé bí panápaná bá sáré wọlé, tó sáré jáde, ìtànṣán ò ní ráyè ṣe é ní jàm̀bá tó tó ti ẹ̀jẹ̀ tó ń dà sílẹ̀. Olùkọ́ wọn tún un sọ títí ó fi sú wọn. Ìyá rántí. Ó wo mítà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo àwọn ọkùnrin tó ti ń fi í ṣẹ̀sín láti ọdún kan. Bó bá sáré lọ báyìí lásán, wọn á ní ìyá arúgbó fi orí kunkun sáré wọ iná. Bó bá lọ pẹ̀lú mítà tó ń dún, wọn á mọ̀ pé iṣẹ́ ni òun ń ṣe.

"Ẹ lọ mú bátìrì wá," ó ní. "Kíá!"

Akọ̀wé gun alùpùpù, ó fò lọ. Wọ́n dúró. Ọ̀gá kò jẹ́ kí àkókò yẹn ṣòfò, ó ka òfin ààbò láti orí àkọ́kọ́ sétí ìlú. Ó dárúkọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní kí àwọn aboyún jìnnà, kí àwọn tó ń retí oyún náà jìnnà, kí àwọn tó ń fẹ́ra sọ́nà ronú. Wọ́n kó aṣọ funfun ìdáàbòbò jáde láti inú àpótí, ìwọ̀n kan ṣoṣo ló wà, ti Gìrìpá sì fà ya láti ẹ̀yìn dé ìdí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ ṣì ń jù nínú ọkọ̀ yẹ́lò lọ́hùn-ún, àmọ́ kò ga tó ti àkọ́kọ́ mọ́.

"Màmá," Gìrìpá rọra sọ, ó di ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ mú, "kí ni ìwé yẹn ní ká ṣe ná?"

"Ìwé ní ká wọ̀n ọ́n," Ìyá dáhùn. Kò wo ojú rẹ̀.

Akọ̀wé dé. Ó gbé aago ògiri odidi bọ̀, ó fi okùn dè é mọ́ àyà, torí ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń kó ẹrù ọ́fíìsì jáde kò ní àyè fún bátìrì, aago ló wà níbẹ̀. Ìyá yọ bátìrì lẹ́yìn rẹ̀, ó kì í bọ mítà. Kẹ́ẹ̀. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Aago náà fúnra rẹ̀ ti kú láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ wá rí ìdí tí Ọ̀gá fi máa ń rò pé òun tètè dé ibi iṣẹ́.

Nígbà náà ni ojú Ìyá bọ́ sára gbohùngbohùn.

"Ọ̀gá, ẹ gbé nǹkan yẹn wá."

"Èwo?"

"Èyí tó wà lẹ́nu yín. Irú bátìrì kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Méjì péré ni mo fẹ́."

Ọ̀gá gbá a mọ́ àyà. "Ìyá, ẹ ronú sí i. Bí mi ò bá sọ̀rọ̀, ta ni yóò darí? Àwọn èèyàn yóò dà rú!"

"Àwọn èèyàn wo?" Ìyá nawọ́ sí oríta. Ajá kan ló wà níbẹ̀.

Kò dúró gbọ́ ìdáhùn. Ó gba nǹkan náà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé, ó yí ìdí rẹ̀, bátìrì já bọ́ sílẹ̀ wọ̀rọ̀wọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí oríta náà dákẹ́.

Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni wọ́n ti gbọ́ ohùn kan. Ohùn náà ti há, ó ti gbẹ, bí ohùn ẹni tó ti pẹ́ tó ti ń ké.

"Kò fọ́ o! Àpótí ò fọ́ o! Mítà mi ló wà lọ́wọ́ mi yìí, ẹ wò ó! Kò sí nǹkan kan níbí! Ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ mi!"

Ọkùnrin náà kò juwọ́ sí ẹnikẹ́ni rí. Òun tó ń fi ìtànṣán ṣiṣẹ́ jẹun ti wọn ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tó ṣubú, ó ti rí i pé àpótí náà wà nínú ẹ̀wọ̀n rẹ̀ láìfọ́, ó sì ti ń pariwo rẹ̀ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n Ọ̀gá ń la àwọn ará lóye. Kò séwu lóko, àfi gìrìrì àparò. Àparò tiwa yìí sì ní gbohùngbohùn.

Ìyá ju mítà sínú koríko, ó sáré. Orúnkún rẹ̀ ké, kò gbọ́. Gìrìpá sáré tẹ̀ lé e, ó gbé ẹ̀rọ tí ń gé irin, aṣọ funfun tó ya ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà, aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Irin tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ nínú ọkọ̀ ti di ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ mọ́lẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún, ẹ̀jẹ̀ ti kún ilẹ̀ ọkọ̀. Ìyá so ìdè mọ́ itan rẹ̀, ó fún un títí ẹ̀jẹ̀ fi dúró. Gìrìpá gé irin láàárín ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ọkùnrin náà kàn ń wo ìka ọwọ́ Ìyá bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Kò kú. Ẹ dúpẹ́ bá mi. Àmọ́ dókítà gé ẹsẹ̀ náà lọ́jọ́ kejì.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́tà dé láti oríléeṣẹ́. Wọ́n yìn wọ́n. Wọ́n ní nínú gbogbo àkọsílẹ̀ àwọn, kò tíì sí iṣẹ́ ìtànṣán tí wọ́n ṣe tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀, pé ìtànṣán kò fọwọ́ kan òṣìṣẹ́ kankan, pé okùn tí Ọ̀gá nà jìnnà ju ti gbogbo ọ́fíìsì tó kù. Wọn ò parọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀gá fi férémù sí i. Àwọn ọkùnrin ò pe Ìyá ní Ìyá Ìtànṣán mọ́. "Màmá" ni wọ́n ń pè é báyìí, tìtẹríba-tìtẹríba. Ọjọ́ tó ti ń wá láti ọdún kan nìyẹn, kò sì dùn lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án ló lọ sí ilé ìwòsàn. Yàrá náà ní ibùsùn mẹ́fà, ti ọkùnrin náà ló wà létí fèrèsé. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ó ń bó ọsàn. Aṣọ ìbora tẹ́ pẹrẹsẹ níbi tó yẹ kí ẹsẹ̀ òsì wà. Ìyá kí wọn, wọ́n fún un ní àga. Ọkùnrin náà kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní bí kì í bá ṣe ìdè tó so mọ́ òun nítan ni, ìròyìn mìíràn ni wọn ìbá máa sọ.

"Màmá, ọ̀rọ̀ kan ló wà lọ́kàn mi," ó wá ní. "Láti ibi okùn yẹn dé ọ̀dọ̀ mi, ìṣẹ́jú mélòó ni ìrìn rẹ̀?"

"Méjì," Ìyá dáhùn. "Pẹ̀lú orúnkún mi yìí, ìṣẹ́jú méjì."

Ìyàwó dáwọ́ ọsàn bíbó dúró. "Dókítà ní ká ní wọ́n so ó ní ogún ìṣẹ́jú ṣáájú, ẹsẹ̀ yẹn ì bá má ti lọ."

Orúkọ Ọ̀gá ti dé orí ahọ́n Ìyá. Gbogbo rẹ̀ ti tò sẹ́nu rẹ̀, gbohùngbohùn, aago ògiri, kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, ó ti sọ ọ́ fún gbogbo ilé rẹ̀, ó ti sọ ọ́ fún àwọn aládùúgbò, wọ́n ti rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Àmọ́ ọkùnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ, kò bínú, bí ẹni ń ṣàlàyé iṣẹ́ fún ẹni tó fẹ́ mọ̀ ọ́n.

"Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn tuntun. Mo máa ń sọ fún wọn pé bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀ lójú títì, ẹ má bẹ̀rù, àwọn panápaná ní ẹni tó kọ́ nípa rẹ̀. Ẹni yẹn mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ló ṣáájú, kò ní dúró wọn nǹkan kan kó tó wá gbé yín. Ìdí tí mo fi ń na mítà sókè nìyẹn. Mo rí gbogbo yín lẹ́yìn okùn. Mo ń wá ẹni náà láàárín yín, mo ní bó bá rí i, yóò yé e. Mo wá a títí." Ó yí ojú sí ìyàwó rẹ̀, ó tún yí i padà. "Àbí kò wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn ni?"

Ìyá wo aṣọ ìbora.

"Ó wá," ó ní. "Èmi ni."

Ìyàwó ọkùnrin náà gbé ọsàn tó kù sórí àwo, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó dìde, ó sì lọ dúró sójú fèrèsé.